Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ lórí àwọ̀ àti ìrìn nínú àwòrán Titian

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ kí ọ, gbogbo ilé kí ọ. O ní àwòrán Bacchus àti Ariadne tí Titian, ayàwòrán ará Fẹ́nísì ní Ítálì, kùn láàárín 1520 sí 1523 ni o fẹ́ ṣe àdàkọ rẹ̀ ní sáà yìí, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tó wà nínú rẹ̀ ló ń bà ọ́ lẹ́rù. Má bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọn ènìyàn náà. Àwọ̀ ni kí o kọ́kọ́ kà, nítorí àwọ̀ ló ń sáré níbẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ.

Wọ National Gallery, ilé àwòrán tó wà ní Trafalgar Square ní Lọ́ńdọ̀nù, láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Takété sí àwòrán náà, kí o pa ojú dé díẹ̀. Wàá rí i pé ó pín sí méjì láti igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì dé igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún. Búlúù ló ni òkè: ojú ọ̀run, òkun, aṣọ Ariadne, obìnrin tó wà lápá òsì. Ewé, ilẹ̀ àti ara ènìyàn ló ni ìsàlẹ̀, ibẹ̀ sì ni agbo àwọn ọ̀mùtí tó tẹ̀lé òrìṣà wáìnì ti ń ya bọ̀. Bacchus, òrìṣà náà, fò láti inú agbo yẹn sínú búlúù. Ohun tó jẹ́ kí fífò rẹ̀ lágbára nìyẹn: ó ń ti inú àwọ̀ kan bọ́ sínú òmíràn.

Wo aṣọ pupa tó wà lára rẹ̀ dáadáa. Bí eégún bá yí po tó sì dúró lójijì, aṣọ rẹ̀ ṣì máa ń rìn. Bẹ́ẹ̀ ni Titian ṣe ṣe é. Ara Bacchus ti ń jáde kúrò nínú kẹ̀kẹ́, aṣọ rẹ̀ ṣì ń fẹ́ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, wá àwọn tí kò mira. Cheetah méjì, ẹranko tó jọ ẹkùn, tó ń fa kẹ̀kẹ́ dúró jẹ́ẹ́, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Lọ́ọ̀ọ́kán, Silenus arúgbó ti mutí yó, ó ń sùn lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Bí gbogbo wọn bá ń fò ni, ojú kò ní mọ ẹni tó ń sáré. Má ṣe yára kun àwọn cheetah yẹn rárá.

Ariadne kọ ẹ̀yìn sí wa, nítorí ọkọ̀ Theseus, olólùfẹ́ rẹ̀ tó fi í sílẹ̀ ní erékùṣù Naxos ló ń nawọ́ sí, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti yí sí Bacchus. Ìborùn pupa tó gba ara aṣọ búlúù rẹ̀ kọjá ló ń fi yíyí yẹn hàn wá. Obìnrin tó ń lu àwo idẹ nínú agbo náà wọ búlúù bíi tirẹ̀. Ojú rẹ á fò láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Búlúù ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú. Ultramarine ni ti ọ̀run àti ti aṣọ Ariadne, láti ara òkúta lapis lazuli tó ń ti Afuganísítánì wá sí Fẹ́nísì. Azurite, búlúù òkúta mìíràn tó fà sí àwọ̀ ewé, ni ti òkun. Bí o bá fi búlúù kan náà kùn ún, aṣọ Ariadne á rì sínú òkun.

176.5 sẹ̀ǹtímítà lóòró, 191 ní ìbú, ni ojúlówó. Lo kánfáàsì tó jẹ́ 44 lóòró, 48 ní ìbú, ìdá mẹ́rin rẹ̀ nìyẹn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fa ìlà mẹ́ta mẹ́ta lóòró àti ní ìbú, wàá ní àpótí 16. Fi àwọ̀ ilẹ̀ tí o fi tapẹntáìnì là ṣe ìpele àkọ́kọ́, kí o dá òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ sí ibi tí wọ́n máa wà. Aṣọ Bacchus ń fẹ́ sùúrù: fi funfun àti pupa díẹ̀ ya àwọn ìṣẹ́po rẹ̀, jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí o wá fi pupa tó mọ́ gaara bò ó ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta tó fẹ́lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú pupa yẹn kọjá, kó kan funfun, kó padà jáde. Bí abẹ́ rẹ̀ bá dúdú, òkú àwọ̀ lo máa rí. Kí òróró inú ìpele òkè sì pọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ yóò sán. Ultramarine tí kò ní funfun nínú tàbí lábẹ́ á ṣú bíi dúdú.

Ní ọ̀rọ̀ rírà, wo nọ́ńbà ara túùbù, òun ló ń sọ irú àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀. PB29 ni ultramarine àtọwọ́dá, kò wọ́n. Yẹra fún PR83, pupa tí wọ́n ń pè ní alizarin, oòrùn máa ń jẹ ẹ́. PV19, pupa quinacridone, ni kí o mú. Má ra vermilion gidi, pupa àtijọ́ kan, mercury tó jẹ́ májèlé wà nínú rẹ̀. Fọ́tò inú ìwé àtijọ́ kò wúlò fún ọ, nítorí láàárín 1967 sí 1969 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fáníìṣì tó ti pọ́n kúrò lójú àwòrán náà.

Ya fọ́tò ìpele àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi kí o tó fi pupa kankan lé e.

Bàbá rẹ