Lẹ́tà sí Àkànní lórí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé Àbẹ̀ní

Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀, a sì ti tún òrùlé tó ń jò ṣe. Wọ́n sọ fún mi pé Àbẹ̀ní ọmọ rẹ kò lọ sí ilé-ìwé mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí, nítorí pé owó ọwọ́ rẹ kò ká òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ṣé òótọ́ ni?

Nígbà tí o wá kẹ́yìn, o ní kò yẹ kí òfin pe ẹ̀kọ́ ní ẹ̀tọ́, nítorí pé òfin kì í kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, kì í sì í san owó oṣù olùkọ́. Òtítọ́ wà níbẹ̀: láti ọdún 1948 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kéde pé ẹ̀kọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ olúkúlùkù àti pé ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, síbẹ̀ àìmọye ọmọ ṣì jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ìkéde lásán nìyẹn. Ní Íńdíà, wọ́n tún òfin ìpìlẹ̀ wọn ṣe lọ́dún 2002 kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lè di ẹ̀tọ́ ọmọ ọdún 6 sí 14, débi pé ẹni tí wọ́n fi dù lè gba ilé ẹjọ́ lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní láti máa wo ojú bàbá rẹ̀ kó tó mọ̀ bóyá òun yóò kàwé.

Mi ò bá ọ jiyàn lọ́jọ́ náà, torí ohun kan ni mo ń sá fún. Èmi ni mo mú ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin kúrò ní ilé-ìwé kí ìwọ lè máa lọ. Òun ló ń gba ipò kìíní. Ìwọ kò gbà á rí. Àánú mi ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́, àánú náà sì tán lọ́dún tí owó wọ́n. Kò síbi tó lè fẹjọ́ mi sùn. Ó kàn ká aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, ó tì í sábẹ́ àpótí, kò sì bi mí ní nǹkan kan títí di òní.

Má wulẹ̀ sọ fún mi pé ọkùnrin ló ń gbé orúkọ ilé ró. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé ò ń ṣiṣẹ́ kára, ọkọ mi, ojú rẹ sì ti rù. Bí owó ló ṣẹ́ ọ kù, kí ló dé tí o fi pa á mọ́ fún mi? Má dá mi lóhùn lórí òfin mọ́. Kọ̀wé kí n mọ̀ bóyá Àbẹ̀ní lọ sí ilé-ìwé lọ́jọ́ Ajé.

Èmi ni bàbá rẹ.