Dípọ̀, má ì tíì ju láptọ́ọ̀pù yẹn nù o

Dípọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ìyàwó ẹ ńkọ́, ṣé ara ẹ̀ ti yá? Mo dé Ìyìn lọ́jọ́ Sánńdè lọ kí Màámi, ara wọn le koko, wọ́n gúnyán fún mi, wọ́n ní o kì í pè wọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Jọ̀ọ́ pè wọ́n.

Láptọ́ọ̀pù dúdú wa ti jí o! Bùsáyọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gan-an ni mo ṣe é fún, màá débẹ̀. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Fájuyì ti ní ká lọ tà á fún oní-kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, pé Microsoft ti kásẹ̀ Windows 10 nílẹ̀ láti 14 October 2025, Windows 11 sì ń bèèrè TPM 2.0, èròjà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, tí tiwa ò ní. Mo ní rárá o. Dátà òru ni mo fi dá Linux Mint 22, ètò ọ̀fẹ́ tó ń gba ipò Windows, wálẹ̀, mo gbé e sórí fíláàṣì, nínú àwọn ẹ̀yà ẹ̀, Xfce ni mo mú torí òun ló fúyẹ́ jù, bó ṣe tàn nìyẹn, Wi-Fi ń ṣiṣẹ́, ohùn ń jáde, mi ò san kọ́bọ̀, wọ́n á sì máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i títí di 2029. LibreOffice tá a fi ń tẹ̀wé ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fi GIMP 3.0 tá a fi ń ṣàtúnṣe fọ́tò kún un, èyí tó jáde ní March 2025, fílítà tó o bá fi sára fọ́tò báyìí, o lè padà yọ ọ́ tàbí kó o yí i padà láìba fọ́tò náà jẹ́.

Géèmù wá ńkọ́! Ṣó o rántí bá a ṣe ń gbá Age of Empires mọ́jú ní yàrá ẹ, tí Bàbá á máa pariwo jẹnẹrétọ̀? Wá 0 A.D. báyìí. Àwọn tó fẹ́ràn Age of Empires II ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara ni pé àwọn ará Kúṣì wà níbẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú ìhà Sudan láyé ọjọ́un, pẹ̀lú tafàtafà wọn àti pírámíìdì tó o máa fúnra ẹ kọ́, wọn ò sí nínú èyí tá à ń gbá nígbà yẹn. Tí ọmọ ogun bá ti pọ̀ jù ó máa ń falẹ̀ o, ìyẹn nìkan ni mo rí sí i. Kọ̀ǹpútà ló ń bá mi jà, ìwọ ni mo fẹ́ kó máa bá mi jà.

Ọ̀rọ̀ Bùsáyọ̀ ló ń ká mi lára. Ó fẹ́ ṣe JAMB lọ́dún tó ń bọ̀, ọmọ yẹn mọ̀wé dáadáa, àmọ́ tó bá ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà báyìí ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n, á gbàgbé ohun tó mọ̀. Mo ti sọ fún un pé kò nílò máòsì, A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, àti S pẹ̀lú R tó kù, mẹ́jọ péré ni gbogbo ẹ̀. Tux Typing ló ń fi kọ́ ọwọ́ ẹ̀, ẹja á máa já bọ́ látòkè pẹ̀lú lẹ́tà lára, tó o bá tẹ lẹ́tà yẹn pẹ́ńgúìnì á gbé e mì. Ẹ̀rín ń pa á, ìbẹ̀rù yẹn sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ gbogbo ọmọ ilé ló ti mọ̀ báyìí, gbogbo wọn ló ń tò sẹ́yìn ẹ̀, òun náà á sì dìde fún wọn torí àánú, ìgbà tí wọ́n bá fi kúrò níbẹ̀ wọ́n á ti mú iná lọ.

Dípọ̀, láptọ́ọ̀pù ẹ tó o ní Windows 11 kọ̀ yẹn, tó o ní o fẹ́ jù nù, jọ̀ọ́ fi rán Brother Wálé tí wọ́n bá ń bọ̀ ní Disẹ́ḿbà. Tí fáìlì ẹ bá wà lórí hard disk ẹ̀, yọ ọ́, màá wá òmíràn níbí. Chájà ẹ̀ ni kó o má gbàgbé.

Fẹ́mi ẹ,
Adó-Èkìtì