Ẹ má dúró dìgbà tí òṣìṣẹ́ bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àròyé àwọn agbanisíṣẹ́ pé òṣìṣẹ́ òde òní kì í dúró níbi iṣẹ́, pé kò sóhun téèyàn lè ṣe fún wọn tí wọn ò ní lọ, ni mo fẹ́ fèsì sí. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ pẹ́, mi ò sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Lọ́dún 1913, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Ford ní Amẹ́ríkà gba èèyàn tó lé ní 52,000 síṣẹ́, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 14,000 péré ni iṣẹ́ náà gbà. Bí wọ́n ṣe ń wọlé ni wọ́n ń jáde, torí iṣẹ́ ojú kan náà látàárọ̀ dalẹ́ ti sú wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1914, Henry Ford kéde dọ́là 5 lójúmọ́, tó tó nǹkan bí ìlọ́po méjì owó àtẹ̀yìnwá, ó sì dín wákàtí iṣẹ́ kù láti 9 sí 8. Àwọn èèyàn dúró. (Ó tún ń rán àwọn kan lọ yẹ ilé òṣìṣẹ́ wò bóyá ìgbé ayé wọn bá tòun mu. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má kọ́ ìyẹn lára rẹ̀.)

Èyí fi hàn pé owó ló ṣáájú. Yinni yinni kẹ́ni ó ṣèmíì dáa, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń yinni tí kò sanwó oṣù lásìkò, yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe.

Síbẹ̀, owó nìkan kọ́. Frederick Herzberg, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fọ̀rọ̀ wá nǹkan bí 200 ẹnjiníà àti akáǹtáǹtì lẹ́nu wò, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 1959. Ohun tó ń bí òṣìṣẹ́ nínú àti ohun tó ń mórí rẹ̀ yá kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Owó tí kò tó àti ọ̀gá tí kò mọ èèyàn darí ń múnú bíni. Àṣeyọrí, kí wọ́n mọ rírì ẹni, kí wọ́n fọkàn tánni pẹ̀lú iṣẹ́ tó nípọn, ìyẹn ló ń mú kéèyàn fọkàn síṣẹ́.

Níbi tí mo ti rí i, àwọn tó mọṣẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá ń ṣe dáadáa, iṣẹ́ tí àwọn ọ̀lẹ kò ṣe ni wọ́n ń dì lé e lórí. Ìgbéga tí wọ́n ṣèlérí fún un di "ó dọdún tó ń bọ̀." Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ pé owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí òun alára ń kọ́ níṣẹ́, ju tòun lọ. Kò ní pariwo. Á kàn máa wáṣẹ́ mìíràn lábẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ tó ń lọ gan-an ni wọ́n á wá fún un ní fọ́ọ̀mù pé kó sọ ìdí tó fi ń lọ! Èwo ni tàwọn tó ṣì wà níbẹ̀? Kí ọ̀gá pe kálukú jókòó, kó bi í pé: kí ló ń sú yín nínú iṣẹ́ yìí, kí ló ń dí yín lọ́wọ́, kí lẹ tún fẹ́ kọ́? Kó sì padà wá fèsì, ì báà jẹ́ pé "kò ṣeé ṣe" ni èsì ọ̀hún. Ẹni tó béèrè tó sì dákẹ́ ti bà á jẹ́ ju ẹni tí kò béèrè rárá lọ.

Tí agbanisíṣẹ́ kan bá tún wá ṣàròyé lójú ìwé yín, ẹ bá mi bi í pé, nínú gbogbo àwọn tó lọ yẹn, mélòó ló bá jókòó sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kọ̀wé?

Èmi ni,
Òǹkàwé yín