Tẹlifíṣọ̀n tó ń kùn

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àárò rẹ sọ mí lálẹ́ àná débi pé mo dá dúró láàárín yàrá, mo ń kùn bí oyin lórí ohùn kan ṣoṣo. Má tíì rẹ́rìn-ín. Ohùn tí wọ́n pín fún wa nínú orin tuntun náà nìyẹn. Dóò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ orin títí dé òpin rẹ̀, àwa béèsì, tí ohùn wa wà nísàlẹ̀ pátápátá, kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí dóò.

Mo ní orin tuntun, ṣùgbọ́n ìwọ ti gbọ́ ọ rí. Song for Athene ni, tí John Tavener kọ ní 1993. Bí orúkọ yẹn kò bá sọ nǹkan kan fún ọ, rántí ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1997, nígbà tí wọ́n ń gbé òkú Diana jáde kúrò ní Westminster Abbey. Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ìwọ bá dìde, o lọ ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, o ní ó ń kùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo gbá a! Ọ̀rẹ́ mi, àwọn béèsì ló ń kùn. Èmi náà ló wá di tẹlifíṣọ̀n yìí.

Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá pín ìwé orin, mo wo ìlà tiwa, mo béèrè bóyá wọ́n gbàgbé láti tẹ ìyókù ni. Àwọn tẹ́nọ̀ fi wá ṣẹ̀sín dọ́ba. Ẹni tó máa ń dúró lápá ọ̀tún rẹ tilẹ̀ sọ pé orin tí ewúrẹ́ lè kọ ni. Kò pẹ́ tí ojú fi já gbogbo wa. Kí o di ohùn kan mú fún bí ìṣẹ́jú 7, jẹ́jẹ́, láìjẹ́ kó yẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni! Bí tiwa bá fi ìwọ̀nba díẹ̀ wálẹ̀, gbogbo àwọn tó wà lókè a bá wa wálẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀ títí Ọ̀gá á fi tẹ dùùrù, tí ojú á ti wa.

Èyí tó le jù ni mímí. O mọ̀ ọ́n: bí mo bá ń mí, kí ẹnì kejì mi máa gbé e lọ, bí òun bá ń mí, kí èmi gbà á, kí ẹni tó ń gbọ́ wa rò pé ènìyàn kan tí kì í mí ni. Ọmọkùnrin tí wọ́n fi sí ipò rẹ ní ohùn tó dára o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bá mí gan-an lòun náà ń mí! Mo ti fún un ní ìgúnpá títí, ó rò pé mo fẹ́ kó sún sẹ́yìn ni. Èmi àtìwọ kò sọ̀rọ̀ lórí irú nǹkan báyìí rí.

Lórí dóò wa yẹn, àwọn tó wà lókè á máa kọ Halelúyà, wọ́n á sọ gbólóhùn kan, wọ́n á tún padà sí Halelúyà. Orin náà ń lọ ó ń bọ̀ láàárín ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn. Wọ́n ní ibi ìsìnkú ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Athene ni Tavener ti ń bọ̀ tí gbogbo orin náà fi pé sí i lọ́kàn. Ìjàǹbá kẹ̀kẹ́ ló pa ọmọbìnrin náà. Ìyá Thekla, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn kan, ló wá bá a to ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti inú àdúrà ìsìnkú ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì àti láti inú Hamlet ti Shakespeare. Gbólóhùn tó ṣíwájú ni èyí tí Horatio sọ lórí òkú Hamlet, pé kí àwọn áńgẹ́lì máa kọrin sìn ín lọ sínú ìsinmi. Ọ̀rẹ́ ló ń sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́. Jẹ́ kí n kọjá níbẹ̀.

Nítòsí ìparí, ọ̀rọ̀ náà sọ pé ẹkún létí ibojì ló ń di orin. Ibẹ̀ ni gbogbo ohùn ti ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí a dé ibẹ̀ lánàá, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé orí dóò tí mo ti ń ráhùn sí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Mo gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀, bí ẹni tó wà lábẹ́ ilé tó ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń jó lókè. Irun ara mi dìde. Sóprano kan ń sunkún, ohùn rẹ̀ kò sì yẹ̀. Lẹ́yìn náà ni orin rọlẹ̀, ó rọlẹ̀, ó parí, kò sẹ́ni tó wúkọ́.

Ìròyìn yòókù: dùùrù fẹ́ kú, áàtò méjì tí kì í kí ara wọn ti ń jókòó pọ̀, èmi náà ti ń lo awò.

Ọ̀gá wá ń kọ́? Ìdánrawò méjì rèé tí wọ́n ti ń jókòó darí wa. Àwọn tó máa ń sọ pé ẹni tó bá jókòó kọrin, sísùn ló kù ú! Wọ́n ní orúnkún ni. Ṣé orúnkún ló ń mú kí ọwọ́ ọ̀tún gbọ̀n? Lánàá, nígbà tí orin parí, wọ́n pa ìwé dé, wọ́n ní, “Èyí ni kẹ́ ẹ kọ lọ́jọ́ náà.” Ẹnì kan béèrè pé ọjọ́ wo. Wọ́n ní ta ló mú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Mo yára dápàárá, mo ní ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ jìn, torí àwọn béèsì kò tíì mọ bí a ti ń mí. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi Ọ̀gá.

Jọ̀wọ́, pè wọ́n. Mo wà lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ni mo gbọ́, mi ò sì ní kí o tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ìwé orin tí wọ́n tẹ̀ fi ẹyọ kan ju iye wa lọ. Orí àga rẹ ni wọ́n fi èyí tó ṣẹ́kù sí, kò sẹ́ni tó gbójúgbóyà gbé e.

Bí o kò bá mọ ohun tí o máa sọ, bi wọ́n pé ibo ló yẹ kí béèsì ti mí nínú orin náà. Wọn ò ní jẹ́ kí o gbé fóònù sílẹ̀ fún wákàtí kan. Má dárúkọ mi o.

Èmi ni tìrẹ,
Tẹlifíṣọ̀n tó ń kùn