Ẹ fún abúlé ní òòlù tirẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síta, nítorí inú ń bí mi, kò sì sí ẹni tí mo lè rò ó fún lábúlé wa tí irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ sí.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, èmi àti ọmọ-ọmọ mi obìnrin ń bọ̀ láti inú igbó ọba (igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀), a ru ìdì ewé eéran kọ̀ọ̀kan. Nídìí bárìà, àwọn aṣọ́gbó mẹ́ta dá wa dúró. Wọ́n ní ohun ìní ìjọba ni ewé tí a rù, kí n mú ìwé àṣẹ wá. Mo ní láti ìgbà tí ìyá mi ti ń jáwé níbẹ̀, n kò gbọ́ ọ rí pé ewé ń gba ìwé àṣẹ. Wọ́n ní kí n mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà wá. Mo béèrè rìsíìtì, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ibi tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara wa lọ́wọ́ ni ọkọ̀ agbégẹdú kan ti yọ láti inú igbó kan náà, igi mẹ́fà gbọọrọ lórí rẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nípọn débi pé bí ọmọ-ọmọ mi bá bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, n kò ní rí i. Dírẹ́bà kò sọ̀ kalẹ̀. Ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ẹnì kan na ọwọ́ gbà á, wọ́n gbé igi tó dábùú ọ̀nà sókè. Ewé ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Gẹdú kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé létí igbó ọba, yálà ní Ìjẹ̀bú, ní Oǹdó tàbí ní Ifẹ̀, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni mo tún gbọ́ ọ̀gá kan lórí rédíò. Ó ní ìjọba yóò máa fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn ará ìbílẹ̀ láti dáàbò bo igbó, pé owó ń bọ̀ láti òkè òkun nítorí èéfín tí igi ń bá ayé fà mu. Ta wá ni ará ìbílẹ̀ náà, bí kì í bá ṣe èmi? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi sí ẹ̀gbẹ́ igbó yẹn, kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi rí nípa rẹ̀, àfi ìwé àṣẹ.

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Owó ìfẹ̀yìntì kò tó ra ọṣẹ, mo bá padà sídìí iṣẹ́ ìyá mi. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ju kí ẹ tú ewé lára oúnjẹ lọ, eéran kì í ṣe ohun tí à ń gbìn sí gbangba. Abẹ́ igi ńlá ló fẹ́, níbi tí oòrùn ti ń yọ́ wọlé. Ọ̀pá ewé là ń gé, a kì í hú gbòǹgbò, kò sì ní pẹ́ tí òmíràn yóò fi yọ. Òun ni wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín gidi (n kò sọ ti inú ọ̀rá tí wọ́n ń sè káàkiri báyìí, tí ẹ̀ ń pè ní mọ́ínmọ́ín), òun ni wọ́n fi ń di ìrẹsì ọ̀fàdà. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń so èso rẹ̀ sí, èso pupa onígun mẹ́ta. Nígbà tí a wà ní kékeré, a máa ń lá ara hóró inú rẹ̀, ẹnu wa á sì máa dùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tó dùn nínú rẹ̀ yẹn lé ní ìlọ́po 2,000 adùn ṣúgà. Ní nǹkan bí 1970-àti-díẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Tate & Lyle ti ìlú ọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé e lórí, wọ́n sọ ọ́ ní Talin. Lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ ló ń jẹrà sí.

Bí kò bá sí igi ńlá, kò sí eéran. Ìyẹn ni àwọn ọ̀gá wọ̀nyí kò mọ̀, tàbí tí wọ́n mọ̀ tí wọ́n ń díbọ́n. Lóṣù tó kọjá, mo dé ìdí igi òpèpè kan tí mo ti ń jáwé lábẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge. Kùkùté ni mo bá. Ìyẹ̀fun tí ayùn wọn tú síta bo gbogbo ewé tó wà níbẹ̀, ó pupa rúsúrúsú bí àtalẹ̀ pupa. Mo kúnlẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú kùkùté náà yíká, mò ń wá ojú òòlù, àmì tí wọ́n máa ń fi òòlù onírin lù sára igi. Ẹni tó mọ iṣẹ́ igi mọ̀ pé igi tí ìjọba bá fọwọ́ sí, òòlù ìjọba gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ àti lára kùkùté rẹ̀. N kò rí òòlù. Oje igi ló lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó gé òpèpè. Ọwọ́ eléwé ni wọ́n ti ń béèrè.

Ọmọ mi ọkùnrin kàwé nípa igbó. Òun ló ròyìn àwọn ará Ekuri fún mi, ní ìpínlẹ̀ Cross River, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Akamkpa. Abúlé méjì péré ni wọ́n, igbó wọn sì tó héktà 33,600. Àwọn agégẹdú wá bá wọn nígbà kan pé àwọn á la ọ̀nà fún wọn, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí àwọn wọ igbó. Wọ́n kọ̀, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà. Wọ́n jókòó, wọ́n ka igi wọn, wọ́n ya ibi oko sọ́tọ̀, wọ́n ya ibi tí wọ́n lè gé igi sọ́tọ̀, wọ́n sì ya ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn sọ́tọ̀. Ewé afang àti ààpọ̀n wà lára ohun tí wọ́n ń kó tà nínú igbó náà. Eléwé bíi tèmi! Ní 2004, àjọ UNDP, ẹ̀ka ètò ìdàgbàsókè Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, fún wọn ní ẹ̀bùn Equator.

Ẹ wá wo ohun tí ìjọba fi san án fún wọn. Ní 2008, wọ́n kéde pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gé igi mọ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà, owó èéfín yìí kan náà ni wọ́n ń fojú sọ́nà fún. Àwọn tó ń gé tiwọn létòlétò dáwọ́ dúró, àwọn tó ń fi òru gé e kò dáwọ́ dúró. Nígbà tó di 2016, wọ́n tún kéde pé ìjọba ti gba ilẹ̀ kìlómítà mẹ́wàá lápá ọ̀tún àti mẹ́wàá lápá òsì títì ńlá kan tí wọ́n fẹ́ là. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 kúkú ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Àwọn ará abúlé fárígá, wọ́n kọ̀wé ẹ̀hónú, ariwo náà dé òkè òkun, kí ìjọba tó yí ọ̀nà náà padà, kí wọ́n tó dín ilẹ̀ náà kù ní 2017. Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ wo nìyẹn?

Àwọn ará Acre ní Brazil gbìyànjú jù wá lọ. Inú igbó Amazon, níbi tí Acre wà, ni igi rọ́bà tí àwọn bàbá wa gbìn ti ṣẹ̀ wá, iṣẹ́ àwọn èèyàn ibẹ̀ sì ni pé kí wọ́n máa gba oje rẹ̀ láìgé igi. Chico Mendes ni aṣáájú wọn. Wọ́n yìnbọn pa á nílé rẹ̀ ní Xapuri ní December 22, 1988, nítorí pé kò jẹ́ kí àwọn olówó màlúù ríbi wọ igbó. Nígbà tó di 1990, wọ́n ya igbó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan héktà sọ́tọ̀ lórúkọ rẹ̀ fún àwọn tó ń gba rọ́bà. Ní 1999, ìjọba ìpínlẹ̀ Acre ṣe òfin pé àwọn á máa fi owó kún kílò rọ́bà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbé jáde láti inú igbó. Ní 2008, wọ́n tilẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ kọ́ńdọ́ọ̀mù sílẹ̀ ní Xapuri, rọ́bà inú igbó náà ni wọ́n fi ń ṣe é nígbà náà. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, àgbà ni mí, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ mi ní kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló rí bí wọ́n ṣe fẹ́, pé wọ́n ṣì ń sun igbó níbẹ̀ títí dòní nítorí màlúù. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìjọba tiwọn ń fi owó kún ohun tí ará igbó gbé jáde. Tiwa dúró sídìí bárìà, ó ń gba ewé.

Rio Branco, olú-ìlú Acre yìí, ni àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ onígbó láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ti kéde ní August 2014 pé bí owó ìrànwọ́ bá wọlé, àwọn á dín pípa igbó run kù ní ìdá 80 nínú 100 kó tó di 2020, àti pé ará ìbílẹ̀ á jẹ níbẹ̀. Cross River wà nínú ẹgbẹ́ àwọn gómìnà náà. 2020 ti lọ.

Èmi kò béèrè owó èéfín. Òòlù ni mo fẹ́. Kí ìjọba rọ òòlù kejì fún gbogbo abúlé tó wà létí igbó ọba, kí àmì abúlé kọ̀ọ̀kan wà lẹ́nu tirẹ̀. Igi tí kò bá ní ojú òòlù méjèèjì, ti ìjọba àti ti abúlé, kó má kọjá bárìà, kó má sì wọ sọ́míìlì. Kò yẹ kí òòlù abúlé wà lọ́wọ́ Baálẹ̀ o. Èèyàn dáadáa ni Baálẹ̀ wa, ṣùgbọ́n àlejò rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kí wọ́n fi í sínú àpótí alágádágodo mẹ́ta: kí kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ àwa eléwé, ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn ọdẹ, ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn olóko kòkó. Bí agégẹdú bá mú ìwé dé, kí gbogbo wa jọ rìn dé ìdí igi náà kí ayùn tó kàn án, lójú ọ̀sán. Bó bá jẹ́ igi tí ewé wà lábẹ́ rẹ̀ ni, a ó sọ pé rárá. Bó bá jẹ́ èyí tó ṣeé gé ni, kó sanwó òòlù abúlé lójú gbogbo wa, a ó kọ ọ́ sínú ìwé, a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé-ìwé. Mo ní ìwé tó pọ̀ nílé, iṣẹ́ tíṣà ló fi í sílẹ̀ fún mi. Kí a fi ìdajì owó náà gbin ọmọ igi òpèpè, ọ̀gànwó àti ìrókò padà.

Mo mọ ohun tí ẹ óò sọ: àwọn ará abúlé náà á ta òòlù wọn. Ó ṣeé ṣe. Bí abúlé bá tà á, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn fún ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n aṣọ́gbó tó bá tà á lónìí, wọ́n á gbé e lọ síbòmíràn kó tó pẹ́. Èmi ńkọ́? Odò kan náà ni èmi àti ẹni tó máa fẹ̀sùn kàn mí jọ ń pọn, ẹnu ọ̀nà ilé mi ni yóò ti máa bú mi láràárọ̀. Àwa obìnrin tó ń jáwé la sì ń wọ igbó yẹn lójoojúmọ́. Kò sí igi tó wó níbẹ̀ tí a kì í kọ́kọ́ mọ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, kí wọ́n san owó oṣù àwọn aṣọ́gbó lásìkò. Kí wọ́n yé ka oko mẹ̀líínà, igi àjèjì tí wọ́n ń gbìn, mọ́ igbó. Èso eéran, kí ẹnì kan wá rà á lọ́wọ́ wa.

Ní ti ewé mi, mo tún gba ìdí bárìà náà kọjá lọ́jọ́ Ẹtì. Ìdì kan ti gbẹ lábẹ́ bẹ́ǹṣì wọn. Èkejì wà lórí tábìlì ìyá tó ń ta ìrẹsì fún wọn, ó ń ya á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi di oúnjẹ àwọn aṣọ́gbó. Mo bi í bóyá ó ní ìwé àṣẹ.

Èmi ni,
Ìyá Eléwé,
Létí igbó ọba.