Ìbò aṣojú wa lórí òfin ọkọ̀ òfuurufú dà?

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá.

Lọ́jọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ sí ọ́fíìsì ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣojú wa l'Ábùjá. N kò ní dárúkọ. Ìbéèrè kan péré ni mo gbé lọ: nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin ọkọ̀ òfuurufú lọ́dún 2022, ẹni tó wà lórí àga yẹn nígbà náà, ṣé ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àbí ó ní rárá, àbí kò tiẹ̀ sí nínú ilé? Ọmọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì wò mí títí. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ wọ báálù ni?" Ó wọlé, ó sì gbé kàlẹ́ńdà kan jáde fún mi. Ọ̀gá rẹ̀ ń pín ẹ̀rọ ìlọta lójú ewé kan, ó ń bọ ọlọ́jà lọ́wọ́ lójú ewé kejì. Mo yẹ̀ ẹ́ wò láti Jánúárì dé Dísẹ́ḿbà, n kò rí ìbò kankan níbẹ̀.

Lóòótọ́, ẹsẹ̀ mi kò wọ báálù rí. Owó mi ti wọ̀ ọ́. Àbúúbùtán ọ̀rọ̀ kọ́: ọmọ mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ l'Ábùjá, ìgbà tó bá sì wálé ọdún, èmi ni mo máa ń san tíkẹ́ẹ̀tì tó fi ń padà láti Ìlọrin, torí ibẹ̀ ló sún mọ́ wa ju Ìbàdàn lọ. (Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní bi mí ní ìdí kejì.) Òfin 2022 yẹn ló tún fìdí 5% tí ìjọba ń gbà lórí tíkẹ́ẹ̀tì múlẹ̀. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ 100,000 náírà, 5,000 ti bá a lọ. Òun náà ló sọ iṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú di kòṣeémánìí, tó sì fún mínísítà lágbára láti ka ìyanṣẹ́lódì léèwọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pariwo títí. Ó lè jẹ́ pé òfin náà dáa. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó bá mi gbà á ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyí. Alága á bèèrè, wọn á hó "bẹ́ẹ̀ ni", àwọn kan á hó "rárá", òòlù á ró gbà, ó parí. Èèyàn 360 ló wà nílé aṣojú-ṣòfin. Ta ló fẹ́ dá ohùn ẹnì kan mọ̀ nínú ariwo yẹn? Ìlànà ilé gbà kí aṣòfin dìde kó ní òun kò fara mọ́ èsì náà, kí wọ́n pín ilé sí méjì kí wọ́n sì ka ìbò, ṣùgbọ́n ta ló ń dìde? Wọ́n mọ̀ ọ́n kà nígbà tó bá pọn dandan. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹta 2022, tó jẹ́ àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa ni wọ́n ń ṣe, ẹ̀rọ ni wọ́n fi dìbò, torí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni òfin ń béèrè: 240 nínú 360 nílé aṣojú-ṣòfin, 73 nínú 109 nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Ọ̀rọ̀ pápákọ̀ òfuurufú wà nínú ohun tí wọ́n dìbò lé lọ́jọ́ náà, bóyá kí àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú lè máa ṣòfin lé e.

Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Àwa la ránṣẹ́. Ojú àwọn aṣòfin wa kò sí lọ́dọ̀ wa.

Ó sì ká mi lára ju ti ẹlòmíì lọ, torí ìlú wa Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ni Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá ti wá, tó jẹ́ mínísítà ọkọ̀ òfuurufú nígbà tí wọ́n dá iléeṣẹ́ tó di Nigeria Airways sílẹ̀ lọ́dún 1958. Ẹ fẹ́ràn rẹ̀, ẹ kò fẹ́ràn rẹ̀, ẹ ṣáà mọ ibi tó dúró sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní igun kan nínú ìwé ìròyìn yín. Nígbàkígbà tí òfin bá kọjá, ẹ kọ orúkọ àwọn aṣojú Ọ̀yọ́ síbẹ̀: ẹni tó wà níjòókòó, ẹni tí kò sí, ẹni tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kọ̀ láti dá yín lóhùn, ẹ kọ ọ́ pé ó kọ̀.

Màá padà sí ọ́fíìsì yẹn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bí wọ́n bá tún gbé kàlẹ́ńdà fún mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni màá kọ ìbéèrè mi sí, màá sì fi í sílẹ̀ lórí tábìlì wọn.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́