Ibi tí àwọn alábàárù inú ọpọlọ dúró sí

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara bàbá ti ń balẹ̀ díẹ̀. O béèrè ìdí tí dókítà fi ní kí wọ́n má máa lo levodopa, oògùn àrùn Parkinson wọn, pọ̀ mọ́ oúnjẹ tí purotéènì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìbéèrè yẹn bá mi níbi tí mo wà gan-an, torí ohun tí mò ń kà tọ̀sán-tòru nìyẹn: àwọn purotéènì tó ń gbé amino acid, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tó para pọ̀ di purotéènì, kiri nínú ọpọlọ. Alábàárù ni mò ń pè wọ́n.

Èyí tó kan bàbá ń jẹ́ LAT1. Ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú òpó ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ ló wà, òun ló sì ń gba àwọn amino acid bíi leucine, phenylalanine àti tyrosine wọlé látinú ẹ̀jẹ̀. Levodopa jọ wọ́n, ẹnu ọ̀nà kan náà ló ń gbà. Bí ẹran tàbí ẹyin bá ti da amino acid kún inú ẹ̀jẹ̀, oògùn náà kò ní ráyè kọjá tó bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, ẹ má yí oúnjẹ wọn padà láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù wà nínú lọ́hùn-ún. Glutamate, amino acid kan, ni ọ̀pọ̀ neuron, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìsọfúnni nínú ọpọlọ, fi ń ránṣẹ́ síra wọn, àmọ́ bó bá pẹ́ níta, ó lè pa neuron tó ń gba iṣẹ́ náà. Kò sí ohun tó ń tú u ká níbẹ̀, àfi kí a gbé e kúrò. Mo ti rò pé neuron tó dà á síta ni yóò kó o. Kò rí bẹ́ẹ̀. Astrocyte, sẹ́ẹ̀lì olùrànlọ́wọ́ tó múlé gbè é, ló ń kó èyí tó pọ̀ jù, alábàárù tó sì fi ń kó o ni GLT-1. Ó pọ̀ débi pé ó tó nǹkan bí 1% gbogbo purotéènì ọpọlọ.

Mo wo ọpọlọ èkúté tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi àwọ̀ ilẹ̀ ṣàfihàn ibi tí GLT-1 wà nínú hippocampus rẹ̀, apá ọpọlọ tó wà fún ìrántí. Gbogbo ojú rẹ̀ ló gba àwọ̀ bí àwọ̀n tí ihò rẹ̀ há, àfi ibi tí ara neuron tò sí: ihò funfun, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. N kò lè gbójú kúrò níbẹ̀. Lọ́dún 1997, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé èkúté tí kò ní GLT-1 rárá, gìrì ló ń mú wọn, wọn kì í sì í pẹ́ kú.

Cerebellum, ọpọlọ kékeré tó wà lẹ́yìn, tún yàtọ̀. Alábàárù glutamate mìíràn, GLAST, ló pọ̀ jù níbẹ̀, lára Bergmann glia, irú astrocyte kan, EAAT4 tóun náà jẹ́ alábàárù glutamate sì wà lára ẹ̀ka neuron tó ń jẹ́ Purkinje, ó tò ní ìlà-ìlà. Ti GABA, èyí tí àwọn neuron fi ń dá ara wọn lẹ́kun, ló yà mí lẹ́nu: alábàárù rẹ̀, GAT1, wà lẹ́nu neuron tó tú u jáde fúnra rẹ̀, ìyẹn sì ń kó tirẹ̀ padà.

Sodium, èyí tó wà nínú iyọ̀, ló ń ti ẹrù glutamate àti GABA wọ̀nyí wọlé: mẹ́ta ń bá glutamate kan wọlé. Bí rọpárọsẹ̀ (stroke) bá dá ẹ̀jẹ̀ dúró nínú ọpọlọ, agbára tó ń lé sodium síta á tán, alábàárù náà á wá máa da glutamate síta dípò kó kó o wọlé. Èyí ń dùn mí, torí ara olùṣọ́ kan náà ni ewu ti ń wá.

Kọ̀wé sí mi nígbà tí bàbá bá ti lo oògùn náà fún ọ̀sẹ̀ kan bí dókítà ṣe ní. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ wọn ti ń rọ̀ láàárọ̀. Bá mi kí wọn.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́